Bí Àǹtí Shukurat Ṣe Yẹ Dókítà Wò

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ra ọjà ní Deira, ní Dubai, kó lọ sí Èkó, ẹ ní ta ni kí ẹ tẹ̀ lé tí wọn ò fi ní lù yín ní jìbìtì. Wọ́n lè dárúkọ ẹni méjì mẹ́ta fún yín, ṣùgbọ́n orúkọ Àǹtí Shukurat ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Obìnrin náà ò ga, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ máa bá lára ẹ̀ ni bàtà pẹlẹbẹ kan, fóònù méjì, àti ìgò omi tó máa ń há sábẹ́ abíyá bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá ń kọjá láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ Íńdíà tó ń tajà á máa pè é, "Madam, welcome, welcome!" Ẹnu ló ń sọ welcome o, ojú wọn ń sọ pé wàhálà ti dé.

Wàhálà náà ni lóòótọ́. Kó tó jẹ́ kí oníbàárà ẹ̀ tọwọ́ bọ àpò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná." Á yẹ ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù wò lórí fóònù, á ka lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Á tú ìdì ọjà látìsàlẹ̀, nítorí òkè ni wọ́n máa ń to èyí tó dáa sí. Á lọ ka ohun tí àwọn tó ti rajà níbẹ̀ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà lá wá ní kí ẹ sanwó, tàbí kó ní, "Khalas, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Bó bá ti kọ̀yìn, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ pè é ní Shukurat mọ́, Àǹtí Yẹ̀ẹ́wò ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀, ó sì ń gbádùn ẹ̀.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́dún 2009 tó kọ́kọ́ wá, òun fúnra ẹ̀ ni oníbàárà. Báàgì obìnrin ló fẹ́ rà. Ọkùnrin ọmọ Yorùbá kan tó ń pè ní bọ̀ọ̀dá ló mú un láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ra omi fún un, ó bá a gbé ẹrù, ó ń fi Ọlọ́run búra. Kò mọ̀ pé bọ̀ọ̀dá ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà, àti pé ibi tí kọmíṣọ́ọ̀nù ti pọ̀ jù ló mú òun lọ. Kí báàgì tó dé Èkó, ara wọn ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Owó ìyá ẹ̀ bá a lọ, owó ọkọ ẹ̀ bá a lọ, ọkọ náà sì tẹ̀ lé owó. Ó padà wá sí Dubai láti wá bọ̀ọ̀dá yẹn, kò rí i, kò sì padà sílé mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rí mú nínú àdánù náà ni òfin tó ń tẹ̀ lé títí dòní: ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà, má gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kankan rí. Ẹni tó bá mú wá rajà ló ń san owó iṣẹ́ ẹ̀.

Òfin tó dáa ni. Èmi ò ní sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ ekòló ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Asiat. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó fi ọmọ ẹ̀ obìnrin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ nílé, ó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Rigga, ládùúgbò Deira. Rolla, ní Sharjah, ló ń gbé, ní bedspace, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ń sanwó fún nínú yàrá tí obìnrin mẹ́fà ń sùn, torí owó ilé Dubai ò ṣe é gbọ́ sétí. Láàárọ̀ kùtù á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Deira, nírọ̀lẹ́ á wọ bọ́ọ̀sì padà. Nígbà tó dé lọ́dún 2018, ẹni tó bá a ṣe visa ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, iṣẹ́ tó ṣèlérí fún un ò sí níbì kankan. Àǹtí Shukurat ló yẹ ìwé ẹ̀ wò, tó já irọ́ inú ẹ̀, tó bá a wá iṣẹ́ gidi, tó sì fún un ní mátíràsì nílẹ̀ yàrá ẹ̀ ní Hor Al Anz fún oṣù méjì láìgba nǹkan kan. Látìgbà náà, Asiat ò jẹ́ ra ṣájà fóònù láìya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Shukurat ò bímọ. Kò sọ ọ́ jáde rí, ṣùgbọ́n ọmọ tí Ọlọ́run fi jíǹkí ẹ̀ nílẹ̀ àjèjì nìyẹn.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Asiat. Ta ni ẹ̀yìn ò ní dùn, tó bá ń gbé mátíràsì mẹ́rìnlá sókè lójúmọ́? Ọ̀gá ẹ̀ ní kó lọ sí kílíníìkì tí íńṣọ́ránsì wọn ń sanwó fún, wọ́n sì ní kó lọ ya àwòrán inú ara. Kílíníìkì náà ní dókítà kan tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kó máa wo àwòrán, kó sì sọ ohun tó bá rí níbẹ̀. Dókítà Hishaamù ni wọ́n ń pè é, ará Íjíbítì ni, orí ẹ̀ ti pá. Irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá aláìsàn sọ̀rọ̀, inú yàrá tó ṣókùnkùn níwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jáde wá bá Asiat fúnra ẹ̀.

Ó ní egungun ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan. Ó ní òun rí nǹkan mìíràn tí òun ò tiẹ̀ wá, lára kíndìnrín òsì, tó tóbi tó orógbó. Ó ní kó padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn fún un lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa, kí àwọn tún un yà.

"Bó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni," dókítà sọ fún un, "ó ṣì kéré. Wọ́n á yọ ọ́, wàá sì máa bá ayé ẹ lọ."

Asiat ò lọ sí Rolla lálẹ́ ọjọ́ náà. Hor Al Anz ló gbà lọ, ó gbé ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Shukurat ka ìwé náà síwá, ó kà á sẹ́yìn. "Ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́, kíndìnrín ni wọ́n rí?"

"Ohun tó sọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n sì tún fẹ́ ya òmíràn? Èyí tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́?"

"Íńṣọ́ránsì máa san nínú ẹ̀, èmi náà máa san díẹ̀."

Shukurat pòṣé. "Asiat, bí o bá lọ ra bàtà, tí ọlọ́jà wá ń fi báàgì hàn ẹ́, kí nìyẹn?"

"Ó fẹ́ ta báàgì ni, mà." Asiat fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde tán.

"O ṣeun. Jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Ó gbé fóònù, ó wá orúkọ dókítà. Ojúewé kílíníìkì ní ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó wá sí Dubai. Inú Shukurat dùn. Oníbàárà ẹ̀ kan tọ́mọ ẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún ti sọ fún un rí pé ìjọba Amẹ́ríkà kì í fi ọ̀rọ̀ dókítà pamọ́. Wọ́n ń kó o sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ló lè rí i: iye iṣẹ́ tí dókítà kọ̀ọ̀kan ṣe fún àwọn arúgbó tíjọba ń sanwó ìtọ́jú wọn, iye tó béèrè, iye tí wọ́n fún un. Níbòmíràn, wọ́n á kọ owó tí àwọn tó ń ta oògùn àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kó fún dókítà náà. Ẹ̀yin ẹ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀! Oúnjẹ tí Àǹtí Yẹ̀ẹ́wò ti ń wá láti ọjọ́ yìí rèé, wọ́n ti bù ú sáwo.

Ó tẹ orúkọ Hishaamù síbẹ̀, ó sì rí i. Ọdún kan ṣoṣo, àwòrán ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Iye tó béèrè lórí ẹyọ kan ń bani lẹ́rù. Ó lọ sí ojúewé kejì, ó tún rí i: ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ti kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta dọ́là sábẹ́ orúkọ dókítà yìí. Ó fa ìwé Asiat yọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ló wà nísàlẹ̀ ìwé, torí ẹ̀rọ wọn ni kílíníìkì ń lò.

"Kọmíṣọ́ọ̀nù!" Ó pariwo débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́. "Yéè, Asiat, wọn ì bá tà ẹ́! Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń fún un lówó, ó sì ń rọ́ àwọn èèyàn sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ́dún kan! Ṣé ó ń wo àwòrán ni, àbí ó ń ka ẹ̀wà?"

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó yẹn, ní lẹ́tà kékeré, tó sọ irú owó tó jẹ́ àti ẹni tí wọ́n san án fún gan-an. Shukurat rí i. Òyìnbó ibẹ̀ le díẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tì í sókè. Ohun tó ń dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Obìnrin tó ń ka lẹ́tà kékeré ara ìwé àṣẹ oníbàtà, tó ń ka ti oníbáàgì, ọjọ́ tó yẹ kó kà á jù lọ, inú ló bí i, inú ò sì mọ̀wé kà.

"Má lọ," ó sọ fún Asiat. "Rọra máa mu omi dáadáa, ra ìgbànú tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn. Bó o bá gba ìsinmi lọ sílé, kí wọ́n bá ẹ wò ó ní Ìbàdàn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní tà ẹ́."

Asiat mí kanlẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé ó wù ú kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó sùn nílẹ̀ yàrá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn bí ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n pè é láti kílíníìkì. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pe Shukurat. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń pè mí o."

"Bí wọ́n bá tún pè, má gbé e."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rajà ní Deira rí, ẹ mọ àṣà ibẹ̀. Bí ẹ bá ń dúnàá dúrà, tí ẹ wá kọ̀yìn sí ọlọ́jà, tó bá jẹ́ kí ẹ máa lọ, owó tó pè lowó ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá sáré tẹ̀ lé yín, tó ń ké "Habibti, come, come, last price," ẹ mọ̀ pé èrè ṣì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ogójì ọjọ́ ni Shukurat fi kọ́ ìyẹn, ọdún mẹ́rìnlá ló sì ti ń fi jẹun. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tún pe Asiat lẹ́ẹ̀kejì, tó sì jẹ́ dókítà fúnra ẹ̀ ló ń pè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ti mọ ohun tó sọ.

"Ọlọ́jà ló ń pè ẹ́ padà yẹn. Máa lọ, má wẹ̀yìn."

Kò mọ sórí Asiat nìkan o. Ó tún ń fi ṣe ìtàn. Bó bá ti mú oníbàárà jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu tíì ní Al Rigga, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tú àṣírí dókítà kan fún yín." Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó bi í pé, dókítà náà ńkọ́, kí lòun sọ? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a kàn máa ń rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa á fún.

Ìrora ẹ̀yìn Asiat lọ sílẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìgbànú. Ọdún yípo. Ìsinmi tó yẹ kó gbà lóṣù kẹta, hòtẹ́ẹ̀lì ní kó sún un síwájú torí àlejò pọ̀. Ó ń rù, ó ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ tán, ó ṣì ń rù.

Lóṣù keje ọdún 2024, ó ń fọ balùwẹ̀ yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló tọ̀. Ó kọ́kọ́ fọ ibẹ̀ mọ́ kó tó pe ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ ni.

Kílíníìkì kan náà ni íńṣọ́ránsì wọn mọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ. Shukurat fi àwọn oníbàárà mẹ́ta sílẹ̀ sójú ọ̀nà, ó wọ metro, ó sáré débẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán tán. Dókítà Hishaamù jáde wá, ó mú ìjókòó, ó jókòó níwájú Asiat. Kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ohun tó tó orógbó lọ́jọ́sí ti tó ọsàn báyìí, ó sì ti ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ti kọjá, oògùn lè dá a dúró fúngbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè, kò sì fi ìbínú béèrè ẹ̀ rárá. "Wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi fúnra mi pè ọ́. Kí ló dé tí o ò wá?"

Asiat yíjú, ó wo Shukurat. Ó wò ó pẹ́. Shukurat ń retí kó sọ ọ́, ó tiẹ̀ ń fẹ́ kó sọ ọ́.

"Mo bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni, dókítà," Asiat dáhùn.

Shukurat la ẹnu. Gbogbo ará Deira ló mọ ẹnu yẹn, ẹnu tí ọlọ́jà ń sá fún. Lọ́jọ́ yẹn, ó jẹ́ kí irọ́ náà jókòó síbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wá mú Asiat lọ gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀.

Ìgbà tó ku òun àti dókítà nìkan ló tó mú fóònù jáde. Ojúewé yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti tọ́jú fọ́tò ẹ̀ láti fi máa ṣe ìtàn. Ó nà án sí dókítà. "Dókítà, owó yìí, kí ni?"

Ọkùnrin náà fi gíláàsì ẹ̀ sójú, ó wò ó. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní owó ìwádìí ni. Ilé ìwòsàn ńlá tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n san án fún, orúkọ òun wà lórí ẹ̀ torí òun lòun ṣáájú iṣẹ́ náà, kò sí dọ́là kan níbẹ̀ tó wọ àpò òun. Ó fi ìka kan lẹ́tà kékeré yẹn, ó kà á sókè fún un. Ó ní ohun tí àwọn ń wádìí náà ni bí ẹni tí wọ́n ń ya lẹ́ẹ̀mejì ṣe lè jẹ́ ẹni tí wọ́n á yà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má bàa ni àwọn aláìsàn lára.

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ńkọ́?" Shukurat ò mọ̀ bóyá ó ṣì fẹ́ gbọ́.

"Nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà, abúlé márùn-ún ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, Madam. Wọn ò ní ẹlòmíràn. Ìka tó ṣẹ́, ọmú tí wọ́n yẹ̀ wò, àyà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan yà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kà pọ̀."

"Owó gọbọi tí ẹ ń béèrè yìí ńkọ́?"

"Iye tí ilé ìwòsàn kọ sílẹ̀ nìyẹn. Iye tí wọ́n san rèé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀." Shukurat wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Owó tí wọ́n san ò tó ìdá mẹ́wàá èyí tí wọ́n pè. Háà! Òun! Òun tí kò san iye tí ọlọ́jà pè rí láyé ẹ̀.

Dókítà dá fóònù padà fún un. Ó ní kò sí ohun tó burú kéèyàn wo irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó dáa káwọn èèyàn máa wò ó. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ibì kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ iye ẹni tí mo rí àìsàn wọn lásìkò, àti iye ẹni tí mo wò tí mi ò rí àìsàn ara wọn."

"Kò sí," ni Shukurat dáhùn.

"Kò sí lóòótọ́. Nọ́ńbà mi wà lórí ìwé tí mo fún ọmọbìnrin yẹn. Tẹ́ ẹ bá pè mí, ìṣẹ́jú méjì ni ǹ bá fi ṣàlàyé ẹ̀." Ó dìde, ó padà sínú yàrá ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin tó ń kojú ọlọ́jà mẹ́wàá lóòjọ́, tó ń bi wọ́n léèrè títí òógùn fi ń bọ́ lójú wọn, òun ni kò lè pe nọ́ńbà kan kó bi dókítà ní ìbéèrè kan. Kí ló fà á? Ó ti bi ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ mìíràn á ní torí pé òun ò gbójú láti bá dókítà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn á sọ òótọ́: ó ti dùn mọ́ òun jù pé òun mú olè.

Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Asiat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Rolla, tó fẹ́ máa lọ síbi tó ń gbé, Shukurat di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, láàárín àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, òun tọ́jọ́ orí ẹ̀ ku ọdún kan kó pé àádọ́ta.

"Asiat, dárí jì mí. Èmi ni mo pa ẹ́. Mo ti bi dókítà, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ fún ẹ. Forí jì mí, jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí láàárín wa. Bí àgbà bá fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú ọmọdé, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í dúró wò ó. Á figbe ta, á ní "Ẹ̀wọ̀, ẹ dìde, mà," òun náà á wólẹ̀, wọ́n á jọ máa fara wọn sunkún. Asiat sì gbẹ̀kọ́, ìyá ẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti mọra, kò kí Shukurat lóòró rí.

Ó dúró. Ó ń wo orí Shukurat nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń yà fún obìnrin tó wà nílẹ̀, àwọn mìíràn wọlé, bọ́ọ̀sì náà lọ. Orúnkún Shukurat ń ta á. Asiat ò fa ọwọ́ ẹ̀ kúrò.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ nígbà tó yá. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò fi kún un.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Deira dáwó jọ, Shukurat ló sì san jù níbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye ẹ̀. Asiat wọ bàálù lọ sílé lóṣù kẹjọ, nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ń gbàtọ́jú ní Ìbàdàn, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ obìnrin ní Ìṣẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Shukurat á pè é. Asiat á gbé e, á kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á béèrè àwọn oníbàárà ẹ̀, á béèrè bóyá ooru ti rọlẹ̀. Á fún ọmọ ní fóònù kó kí Àǹtí Dubai. Shukurat á máa tẹ́tí, á máa dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá ti ní ó dàbọ̀, á ṣì gbé fóònù sétí díẹ̀, bóyá yóò sọ ọ́. Àìmọye ìgbà ló ti fẹ́ béèrè fún un tààrà, kó ní, "Asiat, ṣé o ti dárí jì mí?" Ojú ń tì í. Ẹni tó ń kú lọ, ṣé òun ló yẹ kó tún máa tu èèyàn nínú?

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti sọ ọ́, wọn ò sì rí ẹbọ rẹ̀ rú.

Ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù kọkànlá, nọ́ńbà Asiat ló pè é. Shukurat sáré gbé e, torí Asiat kì í pè é, òun ló máa ń pe Asiat. Ohùn ọkùnrin ló gbọ́. Mùráínà ni, àbúrò Asiat. Ó ní Asiat ti jáde láyé láàárọ̀, wọ́n ti sin ín lẹ́yìn ìrun Ásárì, kò jìyà púpọ̀ nígbẹ̀yìn. Shukurat ní Innā lillāhi, ó kí i kú ìrọ́jú. Ó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, oníbàárà ẹ̀ ń wò ó.

"Ó sọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, mà," Mùráínà sọ.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n kí yín."

Shukurat di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Kí ló tún ní kí o sọ fún mi, ọmọ mi?"

Ọmọ dáadáa ni Mùráínà, ó ń ronú kó má baà gbàgbé nǹkan kan.

"Kò sí òmíràn, mà. Ó kàn ní kí n kí yín ni."